Ọ̀nà Ológbò Lára Ilẹ̀kùn Àlájà

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àlájà Nùsírátù jáde nílé lọ́dún náà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó gbà. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀yìn mọ́sálásí Albarika àdúgbò wọn ni wọ́n ti rí i, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń fi ìbòrí rẹ̀ fẹ́ ara. Nígbà kejì, obìnrin Bàrìbá kan tó mọ̀ ọ́n láti ọjà ló fà á lọ́wọ́ wá sílé. Ìgbà kẹta ló já Mùzàmmílù ọmọ rẹ̀ láyà. Ibùdókọ̀ Zongo ni ìyá náà wà lọ́jọ́ yẹn, láàárín àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Malanville. Kò wọ bàtà. Ó há àpò òfìfo kan mọ́ abíyá, ó ń bá awakọ̀ fa ọ̀rọ̀ pé kó sún fún òun, òun fẹ́ lọ ra àlùbọ́sà. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí Àlájà ti pa òwò àlùbọ́sà tì, ṣùgbọ́n kí ni awakọ̀ fẹ́ fi mọ̀? Bí kì í bá ṣe onísẹ́míjàn kan tó dá a mọ̀, tó gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀ wá sílé, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí ilẹ̀ ọjọ́ náà ìbá ṣú u sí.

Dókítà ti sọ fún Mùzàmmílù láìfepobọyọ̀. Àìsàn ìgbàgbé tó ń ṣe ìyá rẹ̀ kì í padà sẹ́yìn. Ohun tó bá ti kó lọ, ó ti kó o lọ. Ohun tí àwọn ará ilé lè ṣe kò ju kí wọ́n ṣọ́ ohun tó kù.

Ọ̀rọ̀ báyìí kì í wọ Mùzàmmílù létí. Olùkọ́ ìṣirò ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nígboro Parakou lórílẹ̀-èdè Benin, láti kékeré ló sì ti jẹ́ pé ohun tó bá díjú kì í jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́. Okùn tó bá ta kókó, á tú u. Rédíò tó bá dákẹ́, á tú ikùn rẹ̀ wò. Lójú tirẹ̀, kò sí ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn, àfi èyí tí wọn kò tíì kọ sílẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀ Zongo, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nísinmi oṣù kẹjọ tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ó ń bínú, ó mú ìwé kékeré kan, ó jókòó sí yàrá àlejò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ iye ìgbà tí ìyá rẹ̀ dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà mẹ́rìnlá ni. Nínú mẹ́rìnlá yẹn, méjìlá jẹ́ nítorí ológbò.

Àdíkálà ni ológbò náà, funfun àti dúdú. Khàdíjàh, ọmọ ọdún mẹ́rin tí Mùzàmmílù bí, ló sọ ọ́ ní Mínù. Wọ́n mú un wá sílé kó lè máa bá wọn ṣọ́ eku nínú yàrá tí Ràyhánátù, ìyàwó Mùzàmmílù, ń kó ègé iṣu gbígbẹ tó ń tà pa mọ́ sí. Mínù kò ní ìsinmi. Á jáde, á sì fẹ́ wọlé. Á wọlé, á sì fẹ́ jáde. Ilẹ̀kùn ilé náà sì wúwo. Ìrókò ni, olóògbé bàbá Mùzàmmílù ló ti ọwọ́ ara rẹ̀ yan pákó rẹ̀, agbára ológbò kò sì ká a. Kò ju kó dúró kó máa ké. Bó bá ti ké, Àlájà á fi ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á gbé ara rẹ̀ dìde lórí ẹní pẹ̀lú orúkún tó ń dùn ún, á máa wí pé, "Mo ń bọ̀, mo ń bọ̀, ìwọ aláìnísùúrù yìí," á sì lọ ṣí i.

Níbẹ̀ ni Mùzàmmílù ti rí ojú okùn. Ológbò ló ń mú ìyá dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà ló ń fi títì han ìyá. Títì ló ń gbé e lọ. Bí ológbò kò bá nílò ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un, ìyá kò ní débẹ̀, a ó sì lè fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn láìsí wàhálà. Ó ti kọ́kọ́ gbìyànjú kọ́kọ́rọ́ nìkan. Lọ́jọ́ náà, Mínù ké títí, Àlájà fa ọwọ́ ilẹ̀kùn títí èékánná rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Lórí fóònù ló wá ti rí bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń ṣe é. Wọ́n á gé ihò sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, wọ́n á fi ilẹ̀kùn kékeré kan dé e, ológbò á máa fi orí tì í wọlé, á máa fi orí tì í jáde. Ó ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé, ó lọ pe Gàní gbẹ́nàgbẹ́nà.

Bàrìbá ni Gàní, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ Yorùbá, o ò ní mọ̀. Ó wo àwòrán náà, ó wo ilẹ̀kùn, ó wá wo ojú Mùzàmmílù bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá.

"Pọ̀rọ́fẹ̀," ló wí, "láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ihò làwọn èèyàn ń pè mí pé kí n wá dí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pè mí pé kí n wá dá a sílẹ̀kùn tó dáa."

Mùzàmmílù sọ fún un pé ológbò ni yóò máa gba ibẹ̀.

"Ṣé ó ti di baálé ni, tó fi nílò ilẹ̀kùn tirẹ̀?"

Síbẹ̀ ó gbà á. Ó yọ okùn tín-ín-rín kan lápò, ó ní kí Mùzàmmílù di Mínù mú kí òun wọn èjìká rẹ̀. Wọ́n ń na okùn lé ológbò lára lọ́wọ́ ni Àlájà dìde lórí ẹní rẹ̀.

"Ìgbà wo ló kú?"

Mùzàmmílù ní ẹnikẹ́ni kò kú.

"Ẹ sì ń fi okùn wọ̀n ọ́n."

Ọwọ́ Gàní dúró. Bí ẹnì kan bá kú láàárín wọn, okùn ni wọ́n fi ń wọn gígùn rẹ̀ káwọn tó ń gbẹ́ sàréè lè mọ ibi tí wọn yóò gbẹ́ ẹ dé. A kì í fi í wọn ohun tó ń mí. Ìyá tó gbàgbé orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé ìyẹn. Gàní ká okùn rẹ̀ padà sápò, ó tẹjú mọ́ ológbò náà bí ẹni tó ń yan iṣu lọ́jà, ó sì fi ojú lásán ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Nígbà tó gé ihò náà tán, ológbò kan ààbọ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá.

Bí ayùn ṣe ń jẹ ìrókò, Àlájà kò yé sọ fún un pé kó rọra, pé ẹni tó nilẹ̀kùn ń bọ̀ láti ìrun àsárì. Ẹni tó nilẹ̀kùn ti pé ọdún mọ́kànlá ní sàréè. Gàní ń dá a lóhùn pé, "Mo ti gbọ́, Ìyá, mo ń rọra," ó sì rọra lóòótọ́. Ó fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ilẹ̀kùn kékeré náà, ó sì fi rọ́bà tó gé lára táyà inú ọ̀kadà so ó kọ́ sókè ihò, kó lè máa fì síwá sẹ́yìn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ẹja gbígbẹ kọ́ Mínù. Lọ́jọ́ kìíní, ó gbóòórùn ibẹ̀, ó sá. Lọ́jọ́ kejì, ó ti orí bọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó wọlé, ó jáde, ó tún wọlé, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Khàdíjàh pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á. Mùzàmmílù yí kọ́kọ́rọ́, ó fi ọ̀kan sápò, ó fún ìyàwó rẹ̀ ní ìkejì, ó sì tún mú ìwé rẹ̀. Mẹ́rìnlá di márùn-ún. Márùn-ún di méjì. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Àlájà kò dé ẹnu ọ̀nà rárá. Mùzàmmílù kọ òdo sínú ìwé, ó fa ìlà yí i ká. Ó pe Tàíbátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kútọnù lórí fóònù, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un láti orí dé ìdí. Tàíbátù súre fún un, ó ní òun ti ń ronú pé àwọn yóò pàpà so ìyá àwọn mọ́lẹ̀ ni, pé Ọlọ́run ló fún àbúrò òun lọ́gbọ́n yìí. Lóru yẹn, Mùzàmmílù sùn bí ọmọ ọwọ́.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé ní oṣù kẹsàn-án, Mùzàmmílù àti ìyàwó rẹ̀ ń jáde láàárọ̀, ọmọ náà sì ń lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọdé. Láti nǹkan bí aago mẹ́jọ di àsìkò ìrun ọ̀sán, Àlájà nìkan ló ń wà nílé pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò jọ Mùzàmmílù lójú. Ó ṣe tán, bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn.

Ràyhánátù ló kọ́kọ́ fura. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti ọjà dé, ìyá ọkọ rẹ̀ á ti ní ìròyìn kan lẹ́nu, ì báà jẹ́ èyí tó dàrú: ta ló wá, ta ló bímọ, ta ló sọ pé ta kò kí òun. Ní báyìí, bó bá dé, Àlájà á wò ó, á sì wo ibòmíràn. Oúnjẹ á wà bó ṣe wà. Ó béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ pé ṣé ara Ìyá Sìdíkátù ọ̀rẹ́ Àlájà kò yá ni, tí òun kò gbọ́ kí Àlájà dárúkọ rẹ̀ mọ́ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Sátidé, Mùzàmmílù lọ bá ìyá náà nídìí òrí tó ń tà lọ́jà Arzeke.

Ogójì ọdún ni Sìdíkátù àti Àlájà ti jọ ń ná ọjà. Wọ́n ti sùn lórí àpò àlùbọ́sà kan náà ní Malanville, wọ́n ti jọ ti ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀. Kò sí àárọ̀ kan tí Sìdíkátù kì í yà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó lọ sọ́jà, kó lè bá a jókòó, kó ràn án létí orúkọ àwọn èèyàn. Nígbà tí Mùzàmmílù kí i lọ́jọ́ náà, ó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Ó ń fi omi tẹ́ orí òrí rẹ̀ kó lè máa dán.

Ní títì wọn, ewúrẹ́ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pa ilẹ̀kùn dé lọ́sàn-án, wọn kì í tìtorí èèyàn. Àlejò á tì í, á sálámà, á wọlé. Kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn àfi ṣọ́jà àti àwọn tó ń wá wo mítà iná. Sìdíkátù lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó rò pé wọ́n rìnrìn àjò. Síbẹ̀ ó sálámà lẹ́ẹ̀kan, ó sálámà lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbọ́ ohùn Àlájà nínú ilé, ó ń dáhùn. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀. Ó gbọ́ tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó dúró, Àlájà náà dúró, ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀sìn wí pé kéèyàn sálámà. Bí wọn kò bá gbà á wọlé, kó padà lọ sílé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n sì dá lóhùn tí wọn kò ṣílẹ̀kùn fún, kí ni yóò tún máa béèrè?

"Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn pákó," ni Sìdíkátù wí. "Ibi tí mo dúró sí ni ológbò yín ti gba àárín ẹsẹ̀ mi jáde, ó wò mí, ó tún padà wọlé. Ológbò rí ọ̀nà wọlé lọ́dọ̀ yín, Mùzàmmílù. Èmi tí mo pọ̀n ọ́ kò rí."

Òun nìkan kọ́. Àwọn mìíràn náà ti tì í, wọ́n ti padà. Ọ̀rọ̀ ti kárí Albarika pé ọmọ Àlájà ti di ọ̀mọ̀wé, kò fẹ́ kí àwọn oníṣòwò máa wá jókòó sílé òun mọ́.

Mùzàmmílù dọ̀bálẹ̀ sínú eruku láàárín ọjà. Ó ṣàlàyé ibùdókọ̀ Zongo, ó ṣàlàyé èékánná tó ṣẹ̀jẹ̀, ó ṣàlàyé ihò ológbò. Sìdíkátù gbọ́ ọ tán, ó bi í léèrè pé kí ló dé tí kò sọ fún àwọn. Nínú ìwé tó kọ gbogbo nǹkan sí, ẹni tó ń ti ìta bọ̀ nìkan ni kò kọ. Àwọn tó ń jáde ló ń kà.

Ìyá náà dáríjì í, ó sì wá lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó síwájú Àlájà, ó mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó pè é ní Nùsí, orúkọ tí kò sẹ́ni tó tún kù láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Àlájà wò ó pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ló wí. "Ẹni tó nilé kò sí nílé."

Sìdíkátù rẹ́rìn-ín, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀ ń ṣomi. Ó sọ̀rọ̀ Malanville. Ó sọ ti awakọ̀ tó sálọ pẹ̀lú bàtà wọn. Ó kọrin tí wọ́n máa ń kọ bí ọkọ̀ bá dúró sọ́nà. Àlájà ń mi orí bí èèyàn ṣe ń mi orí fún àlejò tó ń pẹ́ jù. Nígbà tí pákó kékeré náà fì, tí Mínù sì wọlé, ojú rẹ̀ bá ológbò náà lọ láti ẹnu ọ̀nà títí dé abẹ́ àga.

"Ó ń dá wọlé báyìí," ló wí. "Kò nílò ẹnì kankan mọ́."

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó sọ lóṣù yẹn nìyẹn. Sìdíkátù tún wá lẹ́ẹ̀mejì sí i lọ́sẹ̀ náà, ó wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ó ń ránṣẹ́ kí wọn. Kì í ṣe pé ó ń bínú. Ojú tó ti mọ ojú fún ogójì ọdún, kò rọrùn kéèyàn máa jókòó síwájú rẹ̀ bí àjèjì.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n jẹun tán, Ràyhánátù sọ èyí tó wà níkùn rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè.

"Bàbá Khàdíjàh, gbogbo iṣẹ́ ló ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan ló ṣẹ́kù. Ológbò ń pè wọ́n, wọ́n ń lọ ṣílẹ̀kùn. Ìyẹn lẹ gbà lọ́wọ́ wọn."

Mùzàmmílù kò jiyàn. Ohun tó ti ń fi ojú fò láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì ó mú ìṣó mẹ́rin, ó fi kan pákó kékeré náà mọ́ ilẹ̀kùn ńlá pinpin. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbé Mínù síta, ó pa ilẹ̀kùn dé bí wọ́n ṣe ń pa á dé láyé bàbá rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì sá pamọ́ sí yàrá inú, wọ́n gba àárín aṣọ ẹnu ọ̀nà máa wò.

Ológbò fi orí ti pákó. Kò gbà. Ó tún tì í. Ó wá ké.

Àlájà jókòó lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Mínù ké lẹ́ẹ̀kejì, ó ké lẹ́ẹ̀kẹta, igbe rẹ̀ ń gùn sí i. Àlájà gbé orí díẹ̀. Ràyhánátù di ọkọ rẹ̀ lápá mú. Wọ́n rí i tí ìyá náà fọwọ́ kan ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ti ara rẹ̀ dìde. Gèlè rẹ̀ tó já bọ́ ló ń wá. Ó rí i, ó gbé e lé itan, ó tún fẹ̀yìn tì.

Ràyhánátù jáde sí i, ó ní, "Ìyá, Mínù ń pè yín o. Ẹ dákun, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un."

"Ẹni tó ni ín á ṣí i fún un," ni Àlájà dáhùn.

Mùzàmmílù ló lọ ṣí i. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Lójoojúmọ́ ó ń jẹ́ kí ológbò ké pẹ́ ju ti àná lọ, títí tí aládùúgbò kan fi béèrè pé ṣé wọ́n ń fìyà jẹ ẹranko náà ni. Àlájà kò dìde. Ìwé kékeré náà kò wúlò fún nǹkan kan mọ́, nítorí òdo ni ì bá máa kọ sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan tí kò ní kíláàsì, Mùzàmmílù ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu. Ó gbé òkúta tì í kí afẹ́fẹ́ má bàa pa á dé. Ó bá ìyá rẹ̀ gbé ẹní sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó bọ bàtà sí i lẹ́sẹ̀, òun náà sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo títì wà níwájú wọn: ọ̀kadà ń kọjá, obìnrin kan ru tòmátì, ẹnì kan ń kí ẹnì kan ní èdè Dendi lódì kejì. Ọkùnrin tó ti sáré yí ìgboro ká lẹ́ẹ̀mẹta nítorí obìnrin yìí, tó ti bẹ Ọlọ́run pé kó dá a jókòó sílé, wá jókòó ní ọ̀sán gangan, ó ń bẹ Ọlọ́run kan náà pé kó dìde. Kó dìde kó lọ. Ó ti pinnu pé òun kò ní dá a dúró. Ibi tó bá kọrí sí, òun á tẹ̀ lé e, bó bá jẹ́ Malanville, kó jẹ́ Malanville.

Àlájà wo títì náà pẹ́. Ó wò ó bí a ṣe ń wo ògiri.

Ó gbé ọwọ́ bojú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí fún ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tó máa ń fi bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀, "ẹ bá mi pa ilẹ̀kùn yẹn dé. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ti pọ̀ jù."

Mùzàmmílù gbé òkúta kúrò, ó pa ilẹ̀kùn dé. Kò tì í ní kọ́kọ́rọ́. Kò sí ẹni tó yẹ kó tìtorí rẹ̀ tì í mọ́.